Ẹ gbà mí o, labalábá tó dà bí ewé gbígbẹ yìí, ta ló kọ́ ọ?

Olóbì_Ṣàgámù:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló gbé fóònù wá bá mi, fídíò labalábá kan tí wọ́n yà ní Okinawa, ní Japan lọ́hùn-ún, orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni Kallima inachus. Nígbà tó na ìyẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, búlúù tó ń dán ni, ọ̀nà gbọọrọ kan aláwọ̀ ọsàn gba ìyẹ́ iwájú kọjá, orí ìyẹ́ náà wá dúdú kirikiri. Mo ṣì ń wò ó ló bá pa ìyẹ́ pọ̀, ni labalábá bá di àwátì! Ewé gbígbẹ ló kù sórí igi. Mi ò sọ pé ó jọ ewé díẹ̀díẹ̀ o, ó ní ilà àárín, ó ní àwọn ilà kéékèèké tó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ní àmì tóótòòtó bí ibi tí ewé ti ń bu, ó tún wá ní ọrùn tí ewé fi ń so mọ́ igi, haba.

Ọmọ yìí wá bi mí pé màámi, báwo ló ṣe mọ ewé tóun máa jọ, ṣé ó máa ń wò ó kó tó yí padà bíi ti agẹmọ ni, mo ní kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ò rí oorun sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àti pé ṣé a ní irú rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí àbí àwọn Japan nìkan ló ni í?

Tíṣà_Ìwó:

Ẹ kú iṣẹ́ ìyá wa. Ìbéèrè ọmọ yín dáa ju èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí lọ, ẹ má lé e lọ sùn mọ́ o.

Ẹ jẹ́ n mú ti agẹmọ kúrò nílẹ̀ ná. Agẹmọ lè yí àwọ̀ ara rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, labalábá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ìyẹ̀fun tó máa ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ tá a bá mú labalábá? Ìpẹ́ ni, ìpẹ́ wínníwínní tó to léra wọn lórí ìyẹ́, àwọn ìpẹ́ yẹn ló ni àwọ̀ tá à ń rí. Gbogbo iṣẹ́ náà ti parí nígbà tó ṣì sùn sínú èèpo, lẹ́yìn tó ti jẹ ewé yó nígbà tó jẹ́ kòkòrò tó ń rákò. Ọjọ́ tó bá fi ìyẹ́ jáde, àwọ̀ tó bá gbé jáde náà ló máa gbé kú. Kò wo ewé kankan, kò sí ẹni tó fi ewé hàn án.

Ohun tó máa ń ya èmi lẹ́nu jù ni ilà àárín tẹ́ ẹ rí yẹn. Labalábá ní ìyẹ́ mẹ́rin, méjì níwájú méjì lẹ́yìn, ilà yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú, ó sọdá sórí ìyẹ́ ẹ̀yìn, ó wá parí síbi ìrù kékeré tó wà nídìí ìyẹ́ ẹ̀yìn, ìrù yẹn lẹ̀ ń pè ní ọrùn ewé. Ìyẹn ni pé orí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fa ilà kan ṣoṣo sí, tí labalábá náà ò bá pa ìyẹ́ dé bó ṣe yẹ, ilà á ṣẹ́. Ẹ má sì rò pé iṣan ìyẹ́ ni o, iṣan tó gbé ìyẹ́ ró wà lọ́tọ̀, àwọ̀ lásán ni wọ́n fi ya ilà yẹn.

Ta ló wá kọ́ ọ? Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ni. Ẹyẹ, alángbá, àti gbogbo ohun tó ń fojú wá oúnjẹ. Nínú ọmọ labalábá, kò sí méjì tó rí bákan náà gẹ́lẹ́, ọ̀kan á fẹ́ pọ́n jù, ọ̀kan á fẹ́ rí rúsúrúsú, ọ̀kan á ní ilà tó gùn díẹ̀. Èyí tí ojú ẹyẹ bá tètè rí, ẹyẹ ti gbé e mì, kò ní yé ẹyin. Èyí tí ẹyẹ bá wò fìrí tó sì fò kọjá, òun ló máa bímọ, àwọn ọmọ á jogún àwọ̀ yẹn, nínú àwọn náà ẹyẹ á tún ṣà. Ẹ wá jẹ́ kí eléyìí máa ṣẹlẹ̀ láti ìran dé ìran fún àìmọye ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹyẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà lòun ń ṣe, oúnjẹ ló ń wá.

Alfred Russel Wallace, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣa kòkòrò àti ẹyẹ kiri tó sì ń tà wọ́n láti fi gbọ́ bùkátà ìrìn àjò rẹ̀, pàdé ọ̀kan nínú ìdílé Kallima yìí ní Sumatra ní nǹkan bí 1861 sí 1862. Ó lé e títí. Labalábá á fò díẹ̀, á kó sínú igbó kékeré kan tí ewé gbígbẹ wà, baba á rọra yọ́ lọ síbẹ̀, kò ní rí nǹkan kan, àfi ìgbà tó bá tún fò yọ lójú rẹ̀ báyìí tó tún lọ sá síbòmíì. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ìyọnu ló tó rí ibi tó bà sí gan-an, tó wá rí i pé iwájú òun ló wà látọjọ́ yìí. Ó ní òmíràn nínú wọn ní àmì dúdú wẹẹrẹ tó dà bí ebu tó ń hù lára ewé tó ń jẹrà. Wallace yìí kì í ṣe ẹni kékeré o, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ti Charles Darwin, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, ni wọ́n kà pọ̀ síta ní London ní 1858, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò sí níbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ yìí náà.

Bàbá_Káfíńtà:

Tíṣà, mo kí yín, mo gbádùn àlàyé yín ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Labalábá tó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ làwa gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa, a ò gbọ́ èyí tó fi ara wé ewé rí, ìyẹn ọ̀tọ̀ 😂.

Ìbéèrè tèmi rèé. Ẹ ní díẹ̀díẹ̀ ló ń di ewé. Ó dáa. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìdajì ewé ńkọ́? Tí mo bá kan ilẹ̀kùn dé ìdajì tí mo lọ sílé, olè á wọlé lóru ọjọ́ náà, kò ní dúró dè mí títí n óò fi kàn án tán. Ìdajì ilẹ̀kùn kì í ṣe ilẹ̀kùn. Èmi ò rí bí ẹyẹ á ṣe máa wo labalábá tó jọ ewé láàbọ̀ táá sì fò ó kọjá, ojú ẹyẹ mú ju tèmi àti tiyín lọ. Lójú tèmi Ọlọ́run ló dá a bó ṣe wà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Àgbẹ̀_Ìgbó-Ọrà:

Ẹ̀ ń wá a lọ sí Japan, ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ wá sí oko wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹ rìn gba abẹ́ igi máńgòrò tàbí kajú níbi tí ewé gbígbẹ ti pọ̀, nǹkan kan á kàn fò yọ níwájú ẹsẹ̀ yín, á fò wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ò fẹ́ lọ, kò ní ga ju orúnkún lọ, á tún bọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ síbi tó bọ́ sí. Ẹ ò ní rí i. Àwọn ọmọ mi máa ń bá ara wọn jiyàn pé ibí ló bọ́ sí, rárá ọ̀hún ni, wọ́n á fi igi tú ewé títí. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ìyẹ́ rẹ̀ ní ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ewé tó ká. Ọ̀sán kì í sábà fò àyàfi téèyàn bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀ ló máa ń jáde fúnra rẹ̀, ẹ óò máa rò pé àdán kékeré ni.

Nígbà òjò àwọn kan wà tó fẹ́ jọ ọ́ àmọ́ wọ́n ní ojú roboto roboto létí ìyẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ìdílé kan náà ni. Tíṣà ẹ bá wa dá sí i.

Tíṣà_Ìwó:

Ẹ jẹ́ n dá Bàbá lóhùn kí n tó dé oko.

Bàbá, ìbéèrè yín kì í ṣe kékeré, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní St George Mivart, ọmọ ìjọ Àgùdà nílùú Ọba, bi Darwin ní irú ẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1871: ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan tí ò tíì wúlò, báwo ló ṣe máa dúró? Ọdún kejì ni Darwin fèsì. Ó ní kòkòrò náà ti ní láti fi díẹ̀ jọ ohun kan tó wà láyìíká rẹ̀ látilẹ̀wá, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ẹyẹ kì í fìgbà gbogbo ríran bákan náà. Ó lè wà lókèèrè, ó lè jẹ́ ìdájí, ó lè jẹ́ abẹ́ igbó tó ṣókùnkùn, ó sì lè jẹ́ pé ó ń kánjú torí àṣá ń bẹ lókè. Labalábá aláwọ̀ ilẹ̀ lásán tí ò ní ilà kankan ti bọ́ lọ́wọ́ díẹ̀ nínú irú ìwọ̀nyẹn. Tó bá fi ilà kan kún un, á bọ́ lọ́wọ́ díẹ̀ sí i. Ẹyẹ tó bá wá súnmọ́ ọn gan-an lójú ọ̀sán gangan, ìyẹn nìkan ló nílò odidi ewé. Ilẹ̀kùn yín olè kan ló ń bá jà, ti labalábá, ẹgbẹ̀rún olè ni, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú tirẹ̀.

Ní 2014 àwọn onímọ̀ ará Japan kan, Suzuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó àwọn ìbátan Kallima jọ, èyí tó jọ ewé àtèyí tí ò jọ, wọ́n wá ṣírò bí ìyẹ́ wọn ṣe ti yàtọ̀ síra bọ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ilà àti àmì tó wà lára ewé yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, àwọn ìbátan tí ò jọ ewé rárá náà ní wọn, àmọ́ ibi tí wọ́n wà yàtọ̀, ọ̀kan wọ́, ọ̀kan nà, ọ̀kan parẹ́, wọ́n ń tò sọ́nà kan lẹ́yìn òmíràn. Kò sí ọjọ́ kan tí ewé já lu labalábá lójijì. Tí ẹ bá wá fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ló gba ọ̀nà yẹn ṣe é, èmi ò bá yín jà, ọjọ́ Sunday èmi náà máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku ti oko. Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, Melanitis leda ni, kò sí iyè méjì nínú ọkàn mi, bẹ́ ẹ ṣe sọ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń fò yẹn gan-an ló fi í hàn. Látọdún 1758 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó fún ọ̀pọ̀ ẹranko àti ewéko lórúkọ, ti fún un lórúkọ, ó wà káàkiri Áfíríkà, ó dé Íńdíà, ó dé Ọsirélíà. Koríko ni kòkòrò tó máa ń dà á ń jẹ, ó sì ń jẹ ewé ìrẹsì pẹ̀lú. Eléyìí tó ní ojú nígbà òjò àti eléyìí tí ò ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan náà ni wọ́n! Kì í ṣe ìdílé kan náà nìkan, irú kan náà ni, ẹyin kan náà lè di èyí tàbí ìyẹn, àsìkò tí wọ́n bá bí i sí ló ń pinnu. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, tí koríko tutù yọ̀yọ̀, ewé gbígbẹ ò sí nílẹ̀ tó máa sá sí, ojú roboto létí ìyẹ́ ló wúlò, torí ẹyẹ á ṣá ojú yẹn, etí ìyẹ́ á ya, labalábá á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo ilẹ̀ ti di ewé gbígbẹ, ojú yẹn á wá di ohun tó ń tú àṣírí.

Àwọn onímọ̀ yẹ ìbátan rẹ̀ kan wò dáadáa, Bicyclus anynana, wọ́n kó ìyá rẹ̀ láti Nkhata Bay ní Màláwì ní 1988, àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ṣì ń bẹ nínú ilé ìwádìí lóríṣiríṣi ilẹ̀ títí dòní. Tí wọ́n bá tọ́ kòkòrò rẹ̀ níbi tó móoru dé 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á jáde pẹ̀lú ojú ńláńlá, tí wọ́n bá tọ́ ọ níbi tó tutù tó bíi 17, ojú á kéré, á rí bí ewé. Ooru tàbí òtútù yẹn ló ń yí àsìkò tí omi ìdàgbàsókè kan máa ń ṣàn nínú ara rẹ̀ nígbà tó bá wọnú èèpo. Torí náà ọmọ ìyá wa Ṣàgámù, sọ fún un pé kì í ṣe labalábá ló yan aṣọ, ojú ọjọ́ ìgbà èwe rẹ̀ ló yàn án fún un.

Àti pé a ní ìbátan tó jìnnà fún ti Japan yẹn náà nínú igbó kìjikìji ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Kallimoides rumia, òun náà dà bí ewé tó bá pa ìyẹ́ dé. Ìyẹn ò wọ́pọ̀ lábẹ́ máńgòrò o, igbó gidi ló fẹ́.

Àgbẹ̀_Ìgbó-Ọrà:

Irú kan náà!! Àtìgbà tí mo ti dáyé. Ó yé mi wàyí ìdí tí ti ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi jọra wọn, ọ̀kan á pọ́n díẹ̀, ọ̀kan á dúdú, ọ̀kan á ní àmì bí ibi tí iná jó, mo rò pé oríṣi márùn-ún mẹ́fà ni.

Arẹwà_Peckham:

Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lójú tèmi. Tí gbogbo wọn bá rí bákan náà, ẹyẹ tó bá ti rí ọ̀kan tó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu á ti mọ ohun tó ń wá, á kàn máa ṣà wọ́n ni. Tí olúkúlùkù bá ya ewé tirẹ̀, ẹyẹ á máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Èmi ti rí Kallima yẹn láàyè, wọ́n ń sìn ín nínú ilé labalábá tó gbóná níbí yìí ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o, kì í fìgbà gbogbo bà sáàárín ewé gbígbẹ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́! Ara igi ló fẹ́ràn, á dorí kodò, nígbà míì ó lè bà sórí ewé tútù, kó wá rí gàgàrà níbẹ̀ láìfi ara pa mọ́ rárá. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó rí i nínú igbó ní Íńdíà náà ti sọ ọ́ tipẹ́, wọ́n ní ṣe ni àwọn tó ń to òkú labalábá sínú àpótí gíláàsì máa ń fi í sáàárín ewé kó lè wu èèyàn. Tíṣà kí lẹ rí sí ìyẹn?

Bàbá Káfíńtà, tẹ́ ẹ bá ń wá èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú èèyàn, àfòpiná kan ń bẹ níbí yìí, funfun tó ní tóótòòtó dúdú, ara igi ló máa ń bà sí. Nígbà tí èéfín ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara igi di dúdú, wọ́n rí èyí tó dúdú pátá ní Manchester ní 1848, nígbà tó fi máa di 1895 nínú ọgọ́rùn-ún àfòpiná yẹn lágbègbè ibẹ̀, 98 ló ti dúdú. Ìjọba wá ṣòfin èéfín ní 1956, afẹ́fẹ́ mọ́, àwọn funfun padà. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé kì í ṣe ẹyẹ, ni Michael Majerus, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, bá tú 4,864 sílẹ̀ láàárín 2001 sí 2007, ó fojú ara rẹ̀ rí i tí ẹyẹ ń jẹ wọ́n, àwọn dúdú ni wọ́n sì ń jẹ jù nígbà yẹn torí igi ti mọ́. Ibi tó wá dùn ni pé ibì kan náà nínú jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó yí àfòpiná yẹn padà, tí wọ́n ń pè ní cortex, ibẹ̀ náà ni àwọn ará Ṣáínà rí ní 2022 pé ó ń pinnu irú ewé tí Kallima kọ̀ọ̀kan máa jọ.

Tíṣà_Ìwó:

Arẹwà, o ṣe é. Lórí pé kì í bà sáàárín ewé gbígbẹ, èmi ò rò pé ó ba nǹkan jẹ́. Ewé gbígbẹ kan ṣoṣo tó rọ̀ mọ́ ara igi kì í ṣe ohun àjèjì nínú igbó, ẹyẹ ò ní dúró yẹ ìyẹn wò. Ẹyẹ ń wá labalábá, kò wá ewé tó ṣì ibi bà sí.

Olóbì_Ṣàgámù:

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yìí, ó wá tún ní ìbéèrè (mo mọ̀ pé á ní in). Ó ní tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fara pa mọ́, kí ló wá ń fi búlúù yẹn ṣe lókè? Kí ló dé tí ò jẹ́ ewé ní iwájú àti ẹ̀yìn?

Arẹwà_Peckham:

Hàà, ọmọ yìí! Sọ fún un pé àwọ̀ òkè kì í ṣe fún ìgbà tó bá jókòó. Labalábá náà ní ìyàwó àti ọkọ tó ń wá, wọ́n ní láti rí ara wọn. Èkejì, tí nǹkan bá lé e tó sì fò, búlúù ni ojú ẹni tó ń lé e máa ń dìrọ̀ mọ́, á máa wá búlúù. Ó bà, ó pa ìyẹ́ dé, búlúù tán. Ẹni náà á gba ibẹ̀ kọjá torí ewé ò sí nínú ohun tó ń wá. Ohun tó ṣe Wallace nìyẹn.

Àgbẹ̀_Ìgbó-Ọrà:

Tí ọmọ náà bá fẹ́ rí ti ilẹ̀ wa, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu àtimáa tú ewé. Ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rà, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ da ẹmu díẹ̀ lé e kó kan, ẹ gbé e sínú àwo pẹlẹbẹ sábẹ́ igi níbi tí òjìji wà, tó bá di ọ̀la tí ilẹ̀ ń ṣú lọ ẹ lọ wò ó. Wọ́n fẹ́ràn èso tó ti kan ju òdòdó lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìjàlọ ṣá, ẹ fi ìdí àwo sínú omi.

Bàbá_Káfíńtà:

Ọ̀rọ̀ ewé ti yé mi dé ìdajì, n óò máa ro ìyókù. Àmọ́ kí n wá bu ẹmu fún labalábá? Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, ẹ lo omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan, ẹ bá mi tọ́jú ẹmu náà, mò ń bọ̀ ní Ìgbó-Ọrà.